Àgbélétan Tí Kò Ṣeé Gbé Lé Itan

Gbólóhùn kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ná kọ̀ǹpútà rí ní ọjà Otigba ní Ìkẹjà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village. Kí oníbàárà ṣáà ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà àgbélétan kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, tí iná aláràbarà ń tàn lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀, ọlọ́jà yóò fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn, yóò ní: “Èyí ń ṣe gbogbo nǹkan.” Ó ń gbá géèmù, ó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, a lè fi wo fíìmù, ọmọ ilé-ìwé lè lò ó, bàbá rẹ̀ náà lè lò ó. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ ti ra gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Irọ́ ni. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dára gan-an fún iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe wọ́n. Irọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kan pàtó, fún ilé tí iná kì í lọ, ni wọ́n ń tà fún wa bí ẹni pé ó tọ́ sí gbogbo iṣẹ́, ní àdúgbò tí iná kì í dúró. Àwọn tí irọ́ yìí ń ṣe lóṣé jù lọ sì ni àwọn tí kò lówó láti ra ẹ̀ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò tíì tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, ó ti kọjá ₦1,500. Kọ̀ǹpútà géèmù tí wọ́n ń tà ní $1,000 lókè òkun, tí kì í sì í ṣe èyí tí ó lágbára jù, ti di mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà kí a tó ka owó tí wọ́n fi gbé e wọlé àti èrè ọlọ́jà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tí ó bá ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù mọ́kànlélógún, láì jẹun, láì sanwó ilé, láì wọ ọkọ̀, owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo yìí kò sì ní tíì pé. Síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ olówó nìkan ni ó ń rà á. Ìyá tí ó ń ta búrẹ́dì ní Agége ń kó àjọ rẹ̀ nítorí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ọba Akran ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọmọ ti wí fún wọn pé ẹ̀rọ ńlá ni ẹ̀kọ́ òun nílò, ọlọ́jà sì ti jẹ́rìí sí i.

Orúkọ tí Yorùbá fún ẹ̀rọ yìí ti tó láti fi dán ọ̀rọ̀ ọlọ́jà wò. Àgbélétan ni a pè é: ohun tí a lè gbé lé itan. Kọ̀ǹpútà géèmù tí ojú rẹ̀ tó íńṣì 17.3 sábà máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ṣájà rẹ̀ nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù kan. Ẹ gbé e sínú àpò, kí ẹ fi wọ dáńfó láti Agége lọ sí Ọ̀ṣòdì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tàbí kí ẹ fi dúró nínú ọkọ̀ ojú irin Red Line tí ó ń ná Agbádó sí Oyíngbò, ẹ ó mọ̀ bóyá ohun tí a ń gbé kiri ni. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá géèmù, ooru tí àwọn fáànù rẹ̀ ń tú jáde kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e lé itan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí inú rẹ̀ bá ti gbóná súnmọ́ ìwọ̀n 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò máa dín agbára ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Nínú yàrá kan tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, ní oṣù kẹta ọdún, pẹ̀lú eruku ojú pópó tí àwọn fáànù náà ń fà mọ́ra, ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ náà yóò máa dín agbára tí ẹ fi owó ńlá rà kù.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nínú gbígbé e kiri tí kò yẹ kí á fi bò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kún Aláùsá fún ìwọ́de EndSARS, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn ọlọ́pàá ni pé ọ̀dọ́ tí ó bá ti gbé kọ̀ǹpútà dání ni wọ́n ń pè ní ọmọ Yahoo. Ìjọba tú ikọ̀ SARS ká ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, ṣùgbọ́n òbí wo ni ó ti ọkàn rẹ̀ wá gbà pé irú ìfura bẹ́ẹ̀ ti tán lójú pópó? Èmi kò sọ pé kí ọ̀dọ́ máa sá nítorí ọlọ́pàá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgbékiri ní láti ro ibi tí yóò gbé e gbà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, èyíinì ni iná mànàmáná. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lásán tí ojú rẹ̀ tó íńṣì 15.6 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 25 bí a bá fi ń tẹ ìwé tàbí tí a fi ń ka ìròyìn. Kọ̀ǹpútà géèmù tí ó ń gbá géèmù ń jẹ wáàtì 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; ìdí nìyẹn tí ṣájà ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn fi jẹ́ wáàtì 230. Bátìrì inú wọn kì í sábà kọjá wáàtì-wákàtí 100, nítorí pé ibẹ̀ ni òfin ọkọ̀ òfúrufú fi ààlà sí fún bátìrì tí èrò lè gbé wọlé láì tọrọ àyè. Ẹ mú bátìrì wáàtì-wákàtí 90, kí ẹ fi wáàtì 150 pín in: ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná, wọn yóò dín agbára káàdì gíráfíìkì kù, géèmù náà yóò sì máa wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Nítorí náà, “agbára” tí ọlọ́jà ń ta fún yín wà níbẹ̀ kìkì ìgbà tí iná bá wà lára ògiri.

Ta ni iná wà lára ògiri rẹ̀? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tí wọ́n wà ní Band A kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225 fún ìwọ̀n kílówáàtì-wákàtí kan, kí wọ́n tó dín in kù sí ₦206.80 ní oṣù karùn-ún. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún àwọn oníbàárà wọ̀nyí ni iná wákàtí ogún lójúmọ́. Ẹni tí ó bá wà ní Band A ní GRA Ìkẹjà, tí iná rẹ̀ sì ń wá bí wọ́n ṣe ṣèlérí, lè ra kọ̀ǹpútà géèmù, owó iná rẹ̀ kò sì ní pa á: wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ kò pé ₦130. Ṣùgbọ́n òpópónà tí ó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ lè máà sí ní Band A rárá.

Ẹni tí ó gbójú lé ínfátà ńkọ́? Bátìrì ínfátà alásíìdì kan tí ó jẹ́ fóltì 12 àti 200Ah ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú. Bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè bàjẹ́, ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ kí á lò, ìyẹn 1,200. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lásán yóò lò ó fún wákàtí méjìdínláàádọ́ta bí ó bá dá a lò. Kọ̀ǹpútà géèmù yóò lò ó fún wákàtí mẹ́jọ, láì tíì ka èyí tí ó ń ṣòfò nínú ínfátà fúnra rẹ̀. Bí a bá tún tan fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù, wákàtí mẹ́rin ni. Ọmọ kan gbá géèmù ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé sùn nínú ooru. Ní ti ẹni tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” ń tan iná fún, tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ, ṣájà kan ṣoṣo ti lè gba ìdá mẹ́ta rẹ̀, lórí epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ ti kọjá ₦1,000 ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Alábòójútó ilé-iṣẹ́ kan ní Oregun tàbí Ògbà kò jẹ́ ra ẹ̀rọ kan láì kọ́kọ́ bèèrè iye iná tí yóò máa jẹ. Kí ló dé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń gbàgbé ìbéèrè náà bí ó bá ti dé Otigba?

Ẹ̀tàn kejì wà nínú ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ. Íńṣì ni ọlọ́jà máa ń kà fún wa, bí ẹni ń wọn aṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú ẹ̀rọ íńṣì 17.3 ní àmì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, iye kan náà tí ó wà lójú íńṣì 15.6. Ohun tí ẹ ó rí lójú méjèèjì kò yàtọ̀. Lẹ́tà kàn tóbi díẹ̀ sí i ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń dùn ún lè rí àǹfààní nínú rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ka ìwé tàbí tí ó fẹ́ ṣe ìṣírò ọjà lórí àtẹ gígùn yóò jàǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ojú íńṣì 16 tí ó jẹ́ 1920 sí 1200, nítorí pé ó ga sí i, ìlà ọ̀rọ̀ tí ó gbà sì pọ̀ sí i. Ẹ bèèrè bí ojú náà ṣe mọ́lẹ̀ tó pẹ̀lú. Èyí tí kò ju nits 250 lọ yóò di dígí ìwojú bí ẹ bá jókòó sítòsí fèrèsé ní ọ̀sán.

Ẹ̀tàn kẹta ni orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ. Káàdì gíráfíìkì RTX 4060 tí ilé-iṣẹ́ NVIDIA ṣe fún kọ̀ǹpútà àgbélétan lè jẹ́ èyí tí wọ́n fún ní wáàtì 35, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n fún ní 115. Orúkọ kan náà ni, ìlẹ̀mọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára wọn jìnnà síra bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Ọlọ́jà tí ó pe RTX láì sọ wáàtì kò tíì sọ ohun tí ó ń tà. Ẹ sì tún wo géèmù tí àwọn ọmọ wa ń gbá gan-an. Bọ́ọ̀lù ni púpọ̀ nínú wọn ń gbá. Ohun tí ó kéré jù lọ tí EA Sports FC 24 ń bèèrè lórí kọ̀ǹpútà ni GTX 1050 Ti, káàdì tí ó ti wà láti ọdún 2016, pẹ̀lú RAM 8GB. Ẹni tí ó torí bọ́ọ̀lù ra káàdì olówó gọbọi ń fi ọkọ̀ akóyanrìn gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì.

Bóyá ẹnìkan ń wí lọ́kàn rẹ̀ pé òun kò ní ra tuntun, pé tòkunbọ̀ ni òun yóò rà. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí á ti la ojú jù lọ. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ Intel tí kò tíì dé ìran kẹjọ. Kọ̀ǹpútà géèmù tí ó jáde ní ọdún 2017, tí i7-7700HQ àti GTX 1060 wà nínú rẹ̀, ṣì ń dán lójú àtẹ, iná rẹ̀ ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n ìran keje ni. Nọ́ńbà 7 tí ó tẹ̀lé i7 ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á ra ẹ̀rọ tí ìlẹ̀kùn ààbò rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Ní ti bátìrì rẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ ní kí ọlọ́jà tẹ powercfg /batteryreport sínú rẹ̀ ní ojú yín. Ìwé tí yóò jáde yóò fi iye iná tí bátìrì náà lè gbà nígbà tí ó wà ní tuntun hàn, pẹ̀lú iye tí ó lè gbà báyìí. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tí ó kàn.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní àgbà kò mọ̀ pé géèmù ti di iṣẹ́. Pé ẹ̀rọ tí ó lágbára láti gbá géèmù náà ni wọ́n fi ń ṣe àwòrán aláré, tí wọ́n fi ń gé fídíò, tí wọ́n fi ń yàwòrán ilé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó ń gé fídíò jẹun nílò káàdì gíráfíìkì bí télọ̀ ṣe nílò ẹ̀rọ ìránṣọ, èmi kò sì ní bá òbí kankan dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ọlọ́jà sọ fún un pé ẹ̀rọ náà ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó ti mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi í ṣe, ó ti mọ ibi tí iná rẹ̀ yóò ti wá, ó sì mọ iye tí yóò fi rí owó rẹ̀ padà. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tí ó ń fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ra ẹ̀rọ fún ara wọn.

Fún àwọn yẹn, òwe àwọn baba wa ti tó: ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì. Bí ẹ̀kọ́, ìwé títẹ̀ àti ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni olórí iṣẹ́, ẹ ra kọ̀ǹpútà lásán, íńṣì 14 tàbí 15.6, ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, RAM 16GB bí owó bá ká a, bátìrì tí ó ṣì pé. Bí ojú ńlá ni ó wù yín, ẹ ra ojú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó tó íńṣì 24, irú èyí tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ń kó dànù, kí ẹ gbé e sórí tábìlì nílé, kí ẹ sì so kọ̀ǹpútà kékeré náà mọ́ ọn. Ojú tí ó fẹ̀ ju ti àgbélétan èyíkéyìí lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò gbé e wọ dáńfó. Bí géèmù ni olórí iṣẹ́, ilé ni wọ́n ti ń gbá a: ẹ ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀ dáadáa, ẹ lè pààrọ̀ káàdì rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, bí ohun kan bá sì bàjẹ́, ohun náà nìkan ni ẹ ó rà. Nínú ọ̀pọ̀ àgbélétan géèmù, wọ́n ti jó káàdì náà mọ́ pátákó. Bí ó bá kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀rọ náà ni ó kú.

Ó ku àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn. Olóòótọ́ ọlọ́jà wà ní Otigba, wọ́n sì pọ̀. Irọ́ àwọn yòókù ń ba ọjà tiwọn náà jẹ́. Láti ọdún pípẹ́ ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà náà lọ sí Katangowa, lọ́nà Agége sí Abẹ́òkúta. Ibi tí ọjà yóò wà ni gbogbo ariwo náà dá lé. A kò gbọ́ ariwo tó bẹ́ẹ̀ nípa ohun tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà nínú ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wà nílẹ̀. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ẹni tí ó bá ń ta ohun tí ẹlòmíràn ti lò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó hàn kedere lára ọjà náà, ó sì ka irọ́ nípa ọjà léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tirẹ̀, LASCOPA.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ wọn kò ju ìwé pélébé kan lọ, tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ ọ́ sí i bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀. Kí wọ́n kọ ìran ọpọlọ ẹ̀rọ náà, àti bóyá Windows 11 gbà á. Kí wọ́n kọ wáàtì káàdì gíráfíìkì àti ti ṣájà. Kí wọ́n kọ iye tí ó kù nínú agbára bátìrì, àti iye ọjọ́ tí oníbàárà lè fi dá a padà. Kò sí èyí tí yóò ná ọlọ́jà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Títí wọn yóò fi ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ìkẹjà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ ìbéèrè márààrún sórí ìwé kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì jẹ́ kí ọlọ́jà kọ èsì sára rìsíìtì, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ tó ka owó lé e lọ́wọ́.